Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú irinṣẹ́ awọnlẹ̀

Ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí, nítòsí Ìlorà. Láti Fìdítì títí dé Awẹ́, pèrègún ni àwọn àgbà fi ń pààlà oko, ṣùgbọ́n pèrègún kò tó gba C of O: àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ fọwọ́ sí ni ìjọba ń béèrè. Ìdí nìyí tí irinṣẹ́ ọwọ́ awọnlẹ̀ fi kan gbogbo ìlú. Èyí tó ń lo léésà á ju ìtànṣán lu ògiri tàbí igi, á sì ka àsìkò tó fi lọ tó fi bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yára débi pé bí aago inú rẹ̀ bá fi ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà, sẹ̀ǹtímítà 15 ti sọnù nílẹ̀. Ìtànṣán tó ń padà kéré, oòrùn ọ̀sán sì ń da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Dígí kan tó ń ṣe bí asẹ́ ògì, tó ń jẹ́ kí kìkì ìgbì tó sún mọ́ ti léésà kọjá, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó yẹ kí awọnlẹ̀ bi olùtajà léèrè nípa dígí yìí kó tó sanwó. Olùtajà á ní èyí tí ojú rẹ̀ bá há jù ló dára jù, torí pé oòrùn díẹ̀ ló ń gbà wọlé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́. Gígùn ìgbì léésà inú ọ̀pọ̀ dúróònù tó ń wọn ilẹ̀ jẹ́ 905 nanomítà, ooru sì ń sún un síwájú ní nǹkan bí 0.3 nanomítà fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Léésà tí wọ́n ṣètò ní dígírì 25, tó wá gbóná dé 60 nínú oòrùn, ti sún ní nǹkan bí 10 nanomítà. Bí gbogbo fífẹ̀ ojú asẹ́ bá jẹ́ 10 nanomítà péré, yóò ti ìtànṣán tirẹ̀ gan-an mọ́ta. Ìtànṣán tó bá fẹ̀gbẹ́ wọlé tún burú sí i: léésà ń sún síwájú, ojú asẹ́ ń sún sẹ́yìn. Nínú ooru tiwa, èmi á fara mọ́ asẹ́ tó fẹ̀ díẹ̀, kí oòrùn tó pọ̀ díẹ̀ wọlé, ju èyí tó há tí kò ní rí nǹkan kan lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tó ṣe é ti dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé irinṣẹ́ sì sábà máa ń kọ ìwọ̀n ooru tó lè fara dà. Ohun tó kù ni kí ẹni tó ń rà á kà á. Ẹni tí kò lówó òmíràn lè wọn ilẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tàbí kó gbé prism síbi tó ń wọ̀n: ìmọ́lẹ̀ tí prism ń dá padà pọ̀ ju ti ògiri lọ fíìfíì, àléébù asẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀.