Àrùn Ẹ̀gbà àti Ẹ̀kọ́ Ọwọ́

Rọpárọsẹ̀ ni orúkọ mìíràn tí a ń pe àrùn ẹ̀gbà. Orúkọ náà sọ ohun tí ojú rí: apá rọ, ẹsẹ̀ sì rọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọpọlọ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti dí tàbí tí ó ti bẹ́, tí ibi tí ń pàṣẹ fún apá àti ẹsẹ̀ sì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí fífi òróró pa apá nìkan kò fi lè dá iṣẹ́ ọwọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi apẹja kan ní Badore, lẹ́bàá Ajah, ṣe àpẹẹrẹ. Láti kékeré ni ó ti ń wo baba rẹ̀ bí ó ti ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà. Ó ta kókó, kókó tú. Ó tún un ta, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ó ń wò ó. Àṣetúnṣe náà ni ó la ọ̀nà sínú ọpọlọ rẹ̀. Bí ẹ̀gbà bá kọ lù ú, ọ̀nà náà dí. Ibi tí ó kù nínú ọpọlọ lè la ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n àṣetúnṣe kan náà ni yóò fi là á. Ẹ̀kọ́ ni ìwòsàn ọwọ́.

A ha lè fi oògùn mú kí ẹ̀kọ́ náà yá bí? Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti dán an wò. Levodopa, tí a fi ń tọ́jú àrùn Parkinson, a máa fi kún ohun kan tí ọpọlọ ń lò nígbà tí ara bá ń kọ́ iṣẹ́. Ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò lára ènìyàn 593 ní Ìlú Ọba, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, àwọn tí ó lò ó kò rìn dáradára ju àwọn tí a fún ní oògùn tí kò ní agbára nínú lọ. Bákan náà ni fluoxetine. Ní ọdún 2011, ìwádìí kan lára ènìyàn 118 ní ilẹ̀ Faransé mú inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe lára ènìyàn 3,127 ní Ìlú Ọba, tí ó jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé kò mú wọn lè ṣe iṣẹ́ ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ sì pọ̀ sí i láàrin wọn.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? A ti ń fi díẹ̀ gba awọ orí kọjá sí ọpọlọ, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kò tíì dọ́gba. Èyí tí ó yanjú jù ni ti ọdún 2021, lára ènìyàn 108 ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. A fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà wọn, a sì so okùn rẹ̀ mọ́ iṣan kan ní ọrùn, èyí tí ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí aláìsàn bá ti ń gbé ọwọ́, olùtọ́jú rẹ̀ a tẹ ẹ̀rọ náà. Àwọn tí ọwọ́ wọn sàn dáradára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì; láàrin àwọn tí a kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tiwọn ṣiṣẹ́, wọ́n tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe ìdánrawò kan náà, ìgbà 18 láàrin ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ̀rọ náà kò gbé ọwọ́ fún ẹnikẹ́ni; ó kàn ti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nínú ilé. Bí baba bá dùbúlẹ̀ ní Lekki tàbí Ajah, àwọn ọmọ rẹ̀ a fi ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ bọ́ ọ, wọn a wọ aṣọ fún un, wọn kò ní jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ife omi. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe a máa gbàgbé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2006 lára ènìyàn 222 tí ọwọ́ wọn ṣì lè mira díẹ̀ ṣe òdìkejì èyí: a fi ìbọ̀wọ́ nínípọn bo ọwọ́ tí ó le, kí èyí tí ó rọ lè máa ṣiṣẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, síbẹ̀ ìdàgbàsókè rẹ̀ hàn, ó sì pẹ́ lára wọn.

Èyí kò wí pé kí a kọ oògùn sílẹ̀ o. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀ lára àwọn 2,118 tí àrùn náà kọ lù ní Nàìjíríà àti Gánà, tí ó jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tí ń fà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ wọ́n lẹ́nu aláìsàn, kí ẹ̀gbà má baà tún padà wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilẹ̀ nítorí oògùn tí a ní yóò jí ọwọ́ láìsí ìdánrawò. Kí olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ fi ọ̀nà hàn, kí àwọn ọmọ sì ní sùúrù: kí baba fúnra rẹ̀ di ife mú, kí ó tú bọ́tìnì rẹ̀, kí ó tún mú okùn àwọ̀n, bí kókó tilẹ̀ tú ní ìgbà ogún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.