Iṣẹ́ Ìlú gẹ́gẹ́ bí Apá Kan Ẹ̀kọ́ Ilé-Ìwé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Èrò kan wà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe fún ará ìlú lè jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni, bí a bá so ó mọ́ ohun tí a ń kọ́ ọ nínú kíláàsì. Robert Sigmon àti William Ramsey ni a gbà pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní Amẹ́ríkà ní 1967, ṣùgbọ́n èrò náà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. A. B. Fáfúnwá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà (1974), ka kíkópa nínú ọ̀ràn ẹbí àti ti àwùjọ mọ́ àwọn ohun tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ wà fún. Ọmọ tí ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí àáró kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ nìkan. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ebè àti ẹni tí ó jẹ wọ́n ní iṣẹ́. (Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: oúnjẹ ni a fi ń san tirẹ̀, kò ní gbèsè nínú.)

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó jẹ́ ẹ̀kọ́ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kàwé níbẹ̀ tí kò mọ àdá àti ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni a máa ń fún ọmọ ní àdá? Nígbà tí ó bá pẹ́ dé ni, tàbí tí ó bá pariwo nínú kíláàsì. Ọmọ tí kò ṣẹ̀ jókòó ti ìwé rẹ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó ń gé koríko. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí olùkọ́ ní lọ́kàn. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé ìyà ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ó ń ṣe é. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, tí kò sì dá sí gọ́tà tí ó dí níwájú ilé rẹ̀, ohun tí a kọ́ ọ ni ó ń lò.

Ìsopọ̀ náà dára díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Láti 1963 tí Kọ́lẹ́jì Adéyẹmí ti bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, èyí tí ó ti di yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ báyìí, ni a ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé. Olùkọ́ wọn ń lọ wò wọ́n, ó ń tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n sì ń padà sí kíláàsì. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí ó ní yunifásítì tirẹ̀ ní Oǹdó láti 2015, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yege láìṣiṣẹ́ láàrin ará ìlú.

Ètò àgùnbánirọ̀, tí òfin 22 oṣù Karùn-ún 1973 gbé kalẹ̀, ni ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn oyè ni ó ń wáyé. Àgùnbánirọ̀ tí ó rí i pé kànga abúlé kò dára kò ní kíláàsì tí yóò mú ìbéèrè náà padà sí. Etiópíà ṣe é lọ́nà mìíràn: láti 1964, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Haile Selassie Kìíní ní láti fi ọdún kan sin ìlú kí ó tó padà wá ṣe ọdún àṣekágbá. Ọdún kan náà ni, ṣùgbọ́n ipò tí a fi í sí sọ ọ́ di ẹ̀kọ́.

A lè fi odò Àlà, tí ó ṣàn gba Àkúrẹ́ kọjá tí ìdọ̀tí ilé àti ti ọjà sì ń wọ inú rẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá kó ọmọ ilé-ìwé lọ ṣa ọ̀rá létí odò náà, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi kún. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kẹ́místrì bá ní kí wọ́n bu omi lókè odò àti nísàlẹ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ti jọ́gíráfì ní kí wọ́n ya àwòrán ibi tí ìdọ̀tí ti ń wọlé, tí ti Yorùbá sì bá wọn kọ àbájáde rẹ̀ ní èdè tí àwọn olórí àdúgbò àti ìyálọ́jà yóò gbọ́, iṣẹ́ ìlú àti ẹ̀kọ́ di ohun kan ṣoṣo. Ọ̀rá ṣíṣà lè tẹ̀lé e nígbà náà.

Ìdíwọ́ kò ṣàìsí. WAEC kì í dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Àwọn òbí pẹ̀lú ń fura pé a fẹ́ fi ọmọ àwọn ṣe lébìrà ọ̀fẹ́, ìfura wọn kò sì ṣàìnídìí, nítorí pé oko olùkọ́ ni iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ń parí sí nígbà mìíràn. Ohun tí ó lè mú ìfura náà kúrò ni kí òbí rí ohun tí ọmọ kọ sínú ìwé rẹ̀ nípa iṣẹ́ náà, àti máàkì tí olùkọ́ fún un. Fún èyí, àyè gbọ́dọ̀ wà fún iṣẹ́ náà lórí táìmù-tébù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò bọ́ sí, ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó pẹ́ dé ni àdá yóò sì tún padà sí.