Ẹ̀fọ́ Inú Omi: Ẹ Má Rọ Ọ́ Kún Dẹ́nu

Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ wa ń béèrè nípa ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn sínú omi láìsí ilẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìdì ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n. Ó ṣeé ṣe o. Kò tilẹ̀ yẹ kó ya ẹ̀yin ará Ìwopin àti Mákùn-Omi lẹ́nu, ṣé ilẹ̀ ni ojúoró ń hù sí ni? Ṣùgbọ́n ojúoró ń léfòó, bí omi bá lọ sókè, òun náà á bá a lọ. Ẹ̀fọ́ tiwa, ọmọrí ike la so ó mọ́, kò lè bá omi rìn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ike pẹ́ńtì tí a fi ń wọn gàrí ti tó. A ó lu ọmọrí rẹ̀, a ó ki ọ̀pá gbúre tàbí ẹfinrin bọ ihò náà, a ó po ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí mọ́ omi. Níbẹ̀rẹ̀, kí omi kan ìdí ọ̀pá. Bí ẹ̀fọ́ ti ń mu ún, omi á máa wálẹ̀, gbòǹgbò òkè á bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ti ìsàlẹ̀ á máa mumi. Afẹ́fẹ́ yẹn ni gbòǹgbò fi ń mí. Ọ̀gbẹ́ni Kratky ti Yunifásítì Hawaii, Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé jáde lórí ọ̀nà yìí ní 2009. Ewé sàláàdì lòun fi ṣe tiẹ̀.

Ẹni tó bá rí i pé omi ti lọ sílẹ̀, tó wá sáré rọ ọ́ kún dẹ́nu, ó ti ri gbòǹgbò òkè sómi nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ewé á rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹlòmíràn á tún wá bu omi sí i! Owó ajílẹ̀ ti bómi lọ.

Bí omi bá fẹ́ẹ́ tán, ẹ bù ú dé ìdajì ike péré, kí ajílẹ̀ inú rẹ̀ má pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, torí ẹ̀fọ́ àti oòrùn máa ń fa omi lọ, iyọ̀ ajílẹ̀ á ṣẹ́kù sínú ike.

Òjò Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ẹ lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ike níbi ìdajì yẹn, kẹ́ ẹ sì fi èdídí dí i. Nígbà tí omi bá ti wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ yọ èdídí, kẹ́ ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i lójú nítorí ẹ̀fọn. Òjò tó bá wọlé á gba ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Bí ike bá funfun, ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e kí omi má baà di aláwọ̀ ewé. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ọ̀bẹ sàmì sí la fi ń wọn omi. Ẹ tì í bọ inú ike láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra lọ sọ́jà.