Táyà tí kò bá mọ́tò mu: Ẹ̀yin òbí àti bàbá àgbà tẹ́ ẹ ń bá ọmọ to mọ́tò ìṣeré, ẹ gbọ́ o

Ṣé ẹ rántí mọ́tò agolo? Àwa tá a ṣe kékeré l'Ówódé Ẹ̀gbá, agolo mílíìkì la fi ń ṣe bọ́dì, ìdérí mínírà la fi ń ṣe táyà. Ẹlòmíì á gé sílípáàsì bàbá ẹ̀ ṣe táyà, á sì jẹgba lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìdérí mínírà há abẹ́ agolo ńlá, yẹ̀yẹ́ la máa fi í ṣe. A ó ní mọ́tò ẹ̀ ń wọ́dìí nílẹ̀.

Mọ́tò àtòpọ̀ ló wà lóde báyìí. Inú páálí ló máa ń wà, ẹ̀yà ike wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ọmọ á máa gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi gúlù lẹ̀ wọ́n mọ́ra títí yóò fi di mọ́tò, ọkọ̀ ogun tàbí bàálù. Àwọn ará wa tó wà nílùú òyìnbó ló sábà máa ń fi í ránṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ míì tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀yà nìkan ni wọ́n ń tà: táyà rọ́bà, ìjókòó, iná iwájú, bẹ́líìtì tí wọ́n fi idẹ pẹlẹbẹ ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún mọ́tò kan lọmọ máa fẹ́ fi sára òmíì.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ọmọ ọmọ ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Wọ́n ń to bọ́ọ̀sì kan tó jọ dánfó, àfi bí táyà kan ṣe sọnù. Bàbá yọ táyà jíìpù sójà tó wà nílẹ̀, ó fẹ́ fi dípò. Ó kéré jù. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wò ó," ni Bàbá wí.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí, bíi 1/24, 1/35, 1/48 tàbí 1/72, kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọ o. Ohun tó ń sọ ni pé bí a bá pín mọ́tò gidi sọ́nà 24, ìdá kan nínú ẹ̀ nìyí. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nǹkan ń kéré sí i. Ẹ wo táyà dánfó gidi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 65. Tó bá jẹ́ 1/24, á di 2.7. Tó bá jẹ́ 1/35, á di 1.9. Dírẹ́bà tó ga ní 175 á jẹ́ 7.3 nínú ti àkọ́kọ́, 5 péré nínú ìkejì. Bọ́ọ̀sì Bàbá jẹ́ 1/24, jíìpù jẹ́ 1/35. Ẹ ò rí i pé wọn ò lè bára mu.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ju ẹ̀yà tí kò mu nù. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí sọ ọ́ di púpọ̀. Táyà 2.7 ti dánfó yẹn, ẹ fi 35 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 94.5. Táyà tírélà nìyẹn! Ohun tó tóbi jù fún jíìpù ti wúlò fún ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ihò àárín bá fẹ̀ jù, ẹ wé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ irin tó gbé e. Bó bá há jù, ẹ fi sáńpépà fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ti Bàbá, rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ la wé mọ́ táyà jíìpù títí ó fi pé 2.7. Iṣẹ́ yìí ò kúkú ṣàjèjì sí wa. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbẹ́ ère òyìnbó amúnisìn kéékèèké láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, yíǹkì pupa àti dúdú pẹ̀lú páálíìṣì bàtà funfun ló fi ń kùn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tún sáré wá pè mí, kì í ṣe nítorí táyà. Àbúrò ọmọ náà, ọmọ ọdún méjì, ni itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, kò gbé oúnjẹ mì, ó ń sunkún. Ìyá ẹ̀ ní eyín ló ń yọ. Mo wo ọ̀rá iná iwájú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún bọ́ọ̀sì náà. Bátìrì méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì. Ọ̀kan ló kù. A ò dúró wá a lábẹ́ àga, Abẹ́òkúta la forí lé. Ẹ́síréè fi hàn pé ọ̀nà ọ̀fun ló há sí.

Ẹ̀yin òbí, bátìrì yìí kò ní láti jò kó tó ṣèèyàn léṣe. Bó bá ti há sínú ọ̀fun, iná ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lára ẹran ara tó tutù, á sì máa jó o. Láàárín wákàtí méjì, ó lè ba ibẹ̀ jẹ́ gan-an. Ẹ má ki ọwọ́ sí ọmọ lẹ́nu kó lè bì. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Bọ́mọ bá ti ju ọdún kan lọ, tó ṣì ń gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ tó gbé e mì, ẹ lè máa fún un ní oyin ṣíbí tíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà ni mo wí o, ẹ má tìtorí oyin jókòó sílé. Tiwa kò gbé nǹkan mì mọ́, a ò fún un ní nǹkan kan. Bó jẹ́ imú ni bátìrì kó sí, ọsibítù náà ni.

Súpà gúlù ńkọ́? Bó bá lẹ ìka méjì pọ̀, ẹ má fà á ya. Ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ fi ọṣẹ sí, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òwú nù ún nígbà tó ṣì tutù, torí gúlù yẹn àti òwú lè gbóná débi tó máa jó awọ. Bó bá ta sójú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, ẹ má fipá ya ìpéǹpéjú, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ohun tẹ́ ẹ fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ojú rárá. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi sáńpépà ha ẹ̀yà, ẹ fi omi sí i kí eruku má fò, kẹ́ ẹ lo ìbòmú.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Idẹ pẹlẹbẹ yẹn mú bíi bíléèdì. Ẹlòmíì nínú yín, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú, kò ní mọ̀ pé òun ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ títí yóò fi degbò. Ẹ wọ bàtà nínú ilé, orí tírè ni kẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ gbá ilẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́.

Bọ́ọ̀sì Bàbá ti parí báyìí, orí fíríìjì ló wà, ó sì dúró dáadáa lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iná iwájú ẹ̀ kò ní bátìrì. Wọ́n ti yọ ti ọ̀fun ọmọ yẹn, ẹ̀kọ tútù ló ń mu, dókítà ṣì ní kí wọ́n máa gbé e wá.