Takọ-tabo Kọ́ ni Gbogbo Ìtẹ́: Ìṣòro Ìpamọ àti Ìtọ́mọ Ẹyẹlé ní Ilẹ̀ Yewa

1. Ìfáàrà

Kókó ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ẹyẹlé: bí ó ṣe ń yé, bí ó ṣe ń sàba, bí ó ṣe ń pamọ, àti ohun tí ó ń fà á tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í fi í dàgbà débi tí wọn yóò fò. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ohun ọ̀sìn. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Àwọn ẹyẹ tí ó wọ inú ìwúre àti òwe Yorùbá tó ẹyẹlé kò pọ̀, ohun tí a sì ń fi ẹnu sọ nípa rẹ̀ ní ipa lórí bí a ṣe ń sìn ín. Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bá ti bá òtítọ́ mu, ẹyẹ a máa jàǹfààní. Níbi tí kò bá ti bá a mu, ọmọ ẹyẹ a máa kú, ọmọ ènìyàn pàápàá sì lè forí fá a.

Ilẹ̀ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni ilẹ̀ Yewa, èyí tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995. Láti Ìlarò dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìdírókò, ilẹ̀ ààlà ni. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó la àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí méjì, tí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sàkétẹ́ fi bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ẹyẹlé kò mọ ààlà yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀, tí Ìdírókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹyẹ tí a bá rà ní ọjà òdìkejì lè fò kọjá lórí àwọn aṣọ́bodè kí ó sì padà sí ilé ẹni tí ó tà á. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ yóò hàn níwájú.

2. Ẹyẹlé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa

Orúkọ ẹyẹ yìí fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹyẹ tí ń bẹ nínú ilé ni. Àdàbà jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n inú igbó ni àdàbà ń gbé. Àwọn àgbà a máa fi ẹyẹlé ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rẹ́ tòótọ́: a bá onílé jẹ, a bá onílé mu, kì í sì í yẹrí ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ohun méjì ni ìwúre sì ń tọrọ láti ara rẹ̀. Èkíní ni pé kí ènìyàn ní ilé tí yóò máa padà sí. Èkejì ni pé kí ó bí takọ-tabo, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹlé ti ń ṣe.

Èkíní jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Lórí rẹ̀ ni gbogbo eré ìje ẹyẹlé dúró sí ní òkè òkun, pàápàá ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí wọn ti ń gbé ẹyẹ lọ sí ibi tí ó jìnnà ju 500 kìlómítà lọ, tí wọn óò sì máa wo èyí tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Ní ọdún 1850, ẹyẹlé ni Paul Julius Reuter fi ń kó ìròyìn ọjà owó láàárín Brussels àti Aachen, kí wáyà tẹligíráàmù tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2020, abo ẹyẹlé ilẹ̀ Belgium kan tí ń jẹ́ New Kim ni a tà ní 1,600,000 owó euro. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí yóò mọ̀ pé títọ́ ọmọ ẹyẹlé kì í ṣe eré ọmọdé lójú àwọn tí ń ṣe é.

Èkejì ni ó mú wàhálà wá. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Ẹyin méjì

Ẹyin méjì ni ẹyẹlé máa ń yé. Ní ìrọ̀lẹ́ ni èkíní sábà máa ń dé, èkejì a sì tẹ̀ lé e ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Àwọn òbí kì í jókòó gidi lé èkíní lórí títí èkejì yóò fi dé. Láti ìgbà náà ni a óò ti ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún kí ọmọ tó jáde. Tí òbí kan bá ń kánjú, tí ó ti mú ẹyin èkíní gbóná láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ọmọ kan yóò ti jẹun fún ọjọ́ méjì kí èkejì tó jáde, ẹ̀gbọ́n yóò sì máa gba oúnjẹ mọ́ àbúrò lẹ́nu títí àbúrò yóò fi kú. Nítorí èyí ni àwọn tí ń sin ẹyẹ eré ìje fi ń mú ẹyin èkíní kúrò, tí wọn ń fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, tí wọn sì ń dá a padà nígbà tí èkejì bá dé.

Ṣé takọ-tabo ni ẹyin méjèèjì yìí ní tòótọ́? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá pín tirẹ̀. Tí a bá ka 100 ìtẹ́, nǹkan bí 50 nínú wọn ni a lè retí pé kí ó ní akọ kan àti abo kan. Nǹkan bí 25 yóò jẹ́ akọ méjì, nǹkan bí 25 tí ó kù yóò sì jẹ́ abo méjì. Ìdajì òtítọ́ ni ìwúre wa sọ, ìdajì kò sì burú fún ìwúre. Ohun tí ó burú ni pé kí ẹni tí ń sin ẹyẹ gbà á bí òfin.

Àbùkù méjì ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Tí a bá gbà pé takọ-tabo inú ìtẹ́ kan ni Ọlọ́run ti ṣe ní tọkọtaya, a ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọn máa gun ara wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tí irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ láti ìran dé ìran, ẹyin òbu yóò máa pọ̀ sí i, ọmọ yóò máa kú sínú èèpo, àwọn tí ó bá sì jáde yóò máa ṣe aláìlera. Àbùkù kejì ni pé abo méjì lè bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́ nínú ìtẹ́ kan bí tọkọtaya. Àwọn méjèèjì yóò yé, ẹyin mẹ́rin yóò sì wà nílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí méjì wà. Onílé yóò máa dunnú pé ìbísí dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí akọ níbẹ̀, gbogbo ẹyin náà òbu ni. Ẹni tí ó bá rí ẹyin mẹ́rin nínú ìtẹ́ kan, kí ó wá akọ.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹyin òbu kò le. Ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà ìsàba, kí a gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Èyí tí ó lọ́mọ yóò fi iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ hàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan nínú.

4. Ọmọ tí ó kú sínú èèpo

Ó tún ṣeé ṣe kí ẹyin lọ́mọ kí ọmọ náà má sì jáde. Tọkọtaya ni ó ń sàba. Abo ni ń jókòó láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, akọ a sì gbà á láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí àwòdì bá gbé akọ lọ, tàbí tí ènìyàn bá pa á jẹ láìbèèrè ẹni tí ó ní ẹyin nílẹ̀, abo nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ẹyin yóò tutù.

Ọyẹ́ náà ní ìjà tirẹ̀. Omi a máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹyin ní gbogbo àkókò ìsàba, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò ọyẹ́, omi a máa jáde ju bí ó ti yẹ lọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lábẹ́ èèpo a gbẹ, a sì lẹ̀ mọ́ ọmọ lára. Ọmọ yóò ti dá èèpo lu, ṣùgbọ́n kò ní lè yí ara rẹ̀ láti jáde. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a gbé abọ́ omi fífẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn òbí lè máa wẹ̀. Ìyẹ́ tútù tí wọn gbé padà sórí ẹyin ni yóò fún un ní ọ̀rinrin.

Oúnjẹ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ẹyẹ tí ó ń jẹ àgbàdo nìkan kò rí ohun tí yóò fi ṣe èèpo ẹyin tí ó le. Kí a fi ọkà bàbà àti ẹ̀wà kún un, kí a sì gún ìkarahun ìgbín wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbín kò wọ́n wa ní Yewa, bẹ́ẹ̀ ni ààtàn ni ọ̀pọ̀ ń da ìkarahun rẹ̀ sí.

5. Wàrà ẹyẹ

Ní ọ̀nà ọ̀fun ẹyẹ ni àpò kan wà tí ó ń kó oúnjẹ sí kí ó tó lọ sí ìwe. Ní nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ọmọ ẹyẹlé tó jáde, inú àpò yìí a bẹ̀rẹ̀ sí nípọn, a sì máa hó ohun funfun kan tí ó dà bí wàrà dídì. Ti ìyá ti baba ni ó ń ní in. Oníṣẹ́-abẹ ará Ìlú Ọba, John Hunter, ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1786. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Oscar Riddle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àpò ọ̀fun ẹyẹlé ṣe ìwádìí èròjà ara tí a ń pè ní prolactin. Èròjà yìí kan náà ni ó ń mú kí ọmú obìnrin abiyamọ ní wàrà.

Wàrà yìí nìkan ni ọmọ ẹyẹlé ń jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó máa da ọkà pọ̀ mọ́ ọn, títí wàrà yóò fi tán ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé ṣe láti gbé ẹyin ẹyẹlé fún adìyẹ. Adìyẹ lè sàba, ṣùgbọ́n kò ní wàrà, kì í sì í fi ẹnu bọ́ ọmọ. Kódà tí a bá gbé e fún ẹyẹlé mìíràn, ẹyin àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn ní ọjọ́ orí, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yóò jáde nígbà tí wàrà alágbàtọ́ kò tíì sọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wàrà ń gbà ni àrùn náà ń gbà. Kòkòrò kan wà tí a kò lè fi ojú lásán rí, Trichomonas gallinae ni orúkọ rẹ̀. Ó lè máa gbé ọ̀fun òbí láìṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n nígbà tí òbí bá bọ́ ọmọ, yóò ràn án. Ohun pupa rúsúrúsú bí wàrà tí ó ti bàjẹ́ yóò dí ọmọ lọ́nà ọ̀fun, kò ní lè gbé nǹkan mì, yóò sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i kí ó máa fọ abọ́ omi lójoojúmọ́, kí ó sì tọ dókítà ẹranko lọ, nítorí oògùn rẹ̀ wà. Àwọn òbí ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kí wọn tó tún yé.

6. Ọrùn tí ó lọ́, àti ẹni tí a fi sùn

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹyẹ. Àrùn mìíràn wà tí ó jẹ́ ìbátan lúkúlúkú adìyẹ. Ó tàn ká láti Ìlà-Oòrùn Àárín-gbùngbùn ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì wọ Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹyẹ tí ó bá kọlù yóò máa yí ọrùn pò, orí rẹ̀ yóò dojú kọ ẹ̀yìn, yóò máa ṣa ilẹ̀ níbi tí kò sí ọkà. Kò sí ìran tí ó tún lè jọ ọwọ́ ayé ju èyí lọ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu, a mọ̀ pé àwọn ìyá wa ni ẹlẹ́yẹ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 láàárín àwọn iṣẹ́ ọnà àtẹnudẹ́nu tí ó ṣe pàtàkì sí aráyé, ni a fi ń yẹ́ wọn sí, ẹyẹ kò sì ṣọ̀wọ́n lórí ère rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní kí á lé ìyá àgbà jáde nílùú. Ìjó ni ó jó fún un, ọ̀wọ̀ ni ó bù fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyin bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọmọ ẹyẹ bá kú, tí ọrùn òbí bá lọ́, ó rọrùn fún onílé láti wo òdìkejì ọgbà, kí ó sì rí opó arúgbó kan tí kò ní ẹni tí yóò gbè é. Ẹ̀sùn àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. A ti lé àwọn obìnrin kúrò nílé nítorí rẹ̀, a sì ti pa àwọn mìíràn. Bí kòkòrò inú ọ̀fun ẹyẹ bá ń jẹ́ orúkọ ìyá kan ládùúgbò, kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni àìmọ̀ wa ń pa.

7. Ọmọ tí yóò fò

Ọmọ tí ó bá yè é ń yára dàgbà. Láàárín ọjọ́ méjì, ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti di ìlọ́po méjì. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje ni àwọn eléré ìje ń ti òrùka onínọ́ńbà bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan sí i, ẹsẹ̀ yóò ti tóbi ju òrùka lọ, kò sì ní ṣeé bọ́ mọ́. Kí ìtẹ́ má ṣe jẹ́ abọ́ dídán tí kò ní koríko, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ yóò yà sọ́tùn-ún sósì, yóò sì rọ. Kí a gbé e ga kúrò lọ́wọ́ èkúté, ejò àti ìjàlọ, nítorí òru kan péré tó fún ìjàlọ láti pa gbogbo ọmọ inú ilé ẹyẹ.

Bí ebi bá pa ọmọ nígbà tí ìyẹ́ apá rẹ̀ ń hù, ìlà fífẹ́lẹ́ kan yóò dá ìyẹ́ náà lábùú, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán ní ọjọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá mọ ẹyẹ wò yóò rí ọ̀sẹ̀ tí ebi pa á nínú ìtẹ́ lára ìyẹ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ó ti tó já lẹ́nu òbí. Àsìkò yìí gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé tí a fẹ́ kí ó máa padà sí, nítorí ilé tí ó bá ti kọ́kọ́ fò ni yóò mọ̀ ní ilé. Àgbà ẹyẹ tí a rà ní ọjà ti ní ilé kí a tó rà á. Ìdí nìyí tí ẹyẹ òdìkejì ààlà fi ń padà.

8. Ìkádìí

A kò sọ pé kí a pa ìwúre tì. Kí a máa wúre takọ-tabo fún àwọn ọmọ wa. Nínú ilé ẹyẹ, ìwé àkọsílẹ̀ ni a nílò: ọjọ́ tí ẹyin dé, ọjọ́ tí ó pa, òbí tí ó ni ín, àti ohun tí ó pa èyí tí ó kú. Ní Ayétòrò ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀nà kò sì jìn sí ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè. Kí á ti ibẹ̀ mọ orúkọ àrùn. Ẹyẹlé ti bá wa gbélé pẹ́. Ó tó àkókò kí àwa náà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ó tó di pé a pe orúkọ aládùúgbò wa.