Àtọ̀gbẹ Wọlé Ológbò

Ìyá wa ní Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń ṣe ológbò náà, kí dókítà ẹranko tó dárúkọ rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ló ń ròyìn ológbò rẹ̀ fún wọn lórí fóònù. "Màámi, omi ló ń mu ṣáá. Omi tó máa ń mu fún ọjọ́ méjì, kì í tó o di ọ̀sán mọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ti sọ iyanrìn inú àpótí rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ó ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, síbẹ̀ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yọ." Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àtọ̀gbẹ ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára tèmi náà nìyẹn."

Ẹni tó kọ́kọ́ pe àìsàn yìí ní àtọ̀gbẹ ti fara balẹ̀ wo aláìsàn. Kí èèyàn máa tọ̀ títí yóò fi gbẹ: gbogbo iṣẹ́ àrùn náà ló wà nínú orúkọ yẹn. Ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí kò bá tó, tàbí tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀. Lára ológbò, tó bá ti kọjá nǹkan bí 250 sí 300 mg/dL, kíndìnrín kò lè dá a dúró mọ́. Ṣúgà á bá ìtọ̀ jáde, á sì wọ́ omi ara lọ. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ ẹ́. Ìdí kan náà ni àwọn àgbà ilé wa fi ń wò ó bóyá èèrà ń ṣù bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ti ológbò ṣe jọ ti àwọn òbí wa tó. Kì í sábà jẹ́ irú èyí tó ń mú ọmọdé. Irú ti àgbàlagbà ni, èyí tó fẹ́ràn ẹni tó sanra tí kì í rìn. Ológbò àbúrò mi jẹ́ akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ó ti pé ọmọ ọdún 10, kì í jáde nílé, ó sì ti wọn kílò méje rí. Gbogbo rẹ̀ ló ń fa àtọ̀gbẹ sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń tẹlẹ̀ dípò ọmọ ìka, bí ẹni tó ń jókòó rìn. Ṣúgà ti ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́. Màámi, tí ẹsẹ̀ máa ń ta lóru, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn.

Ẹ̀rù ilé ìwòsàn nìkan tó láti gbé ṣúgà ológbò kọjá 300, kódà bí kò ní àtọ̀gbẹ. Nítorí náà dókítà wo ìtọ̀ rẹ̀, ó tún ṣe àyẹ̀wò fructosamine, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sẹ́yìn. Ó jọ àyẹ̀wò olóṣù mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún Màámi.

Títí dé ibẹ̀, ohun tí a mọ̀ nílé gbé wa dé. Sírínjì ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Àbúrò mi bi Màámi pé yúnítì mélòó ni wọ́n ń gún. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dáhùn, nítorí ìdáhùn yẹn lè pa ẹranko náà. Ínsúlínì èèyàn sábà máa ń jẹ́ 100 yúnítì nínú mílílítà kan. Caninsulin àti ProZinc tí wọ́n ń fún ológbò jẹ́ 40. Kálukú wọn ló sì ní sírínjì tirẹ̀. Ẹni tó bá fi sírínjì oní-40 fa ínsúlínì oní-100, ìlọ́po méjì ààbọ̀ ló ń gún, bẹ́ẹ̀ ìlà ara sírínjì kò ní sọ fún un. Yúnítì kan, tàbí díẹ̀ sí i, ní wákàtí méjìlá méjìlá, ni dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ológbò. Yúnítì kan! Mo bẹ ẹ̀yin tí ínsúlínì òbí yín wà nínú fíríìjì: ẹ má fi ọwọ́ kàn án nítorí ológbò, àfi tí dókítà ẹranko bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ náà yàtọ̀. Ẹ̀wà àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Màámi fi ń ṣọ́ ara wọn kò wúlò fún un. Ẹlẹ́ran ni ológbò látilẹ̀wá. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kò tiẹ̀ ní èròjà tó ń da sítáàṣì. Oúnjẹ inú agolo tó kún fún ẹran tàbí ẹja ló yẹ ẹ́ ju àwọn wóró gbígbẹ tí sítáàṣì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí dókítà mọ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì tí ínsúlínì bá wà lára. Ẹ má sì febi pa á kó lè fọn. Ìyẹn lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Jíjá wálẹ̀ ṣúgà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Súwíìtì kì í kúrò nínú báàgì Màámi. Bí ara wọn bá ti ń gbọ̀n, wọ́n á mú un jẹ. Ológbò kò lè sọ pé ara òun ń gbọ̀n. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò rí i pé ó ń rìn bí ọ̀mùtí, tàbí pé gìrì ti gbé e. Kó yára fi oyin pa èrìgì rẹ̀, kó sì gbé e lọ bá dókítà. Bí kò bá jẹun, tàbí tó bì, kí wọ́n pe dókítà kí wọ́n tó gún un. Bí kò bá dáni lójú pé abẹ́rẹ́ wọlé, kí wọ́n má tún un gún. Ẹ̀ẹ̀kan tí ó fò kò burú tó ẹ̀ẹ̀mejì tó pọ̀ jù.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ àbúrò mi ń gbọ̀n. Màámi ń wò ó nínú fídíò fóònù. "Fa awọ rẹ̀ sókè bí ẹni fa aṣọ. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kò ní dùn ún tó bí o ṣe rò. Jẹ́ kó máa jẹun lọ." Ó gún un. Ológbò náà kò gbójú kúrò lórí oúnjẹ. Àbúrò mi ló sunkún.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ fún ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, nínú ilé tí kò ti sí ẹ̀rù. Ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà tí wọ́n ṣe fún ẹranko ló rà, nítorí ti èèyàn sábà máa ń sọ iye tó kéré ju òótọ́ lọ fún ológbò.

Ohun kan wà tí ológbò lè rí gbà tó ṣòro fún Màámi. Bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí oúnjẹ sì bá a mu, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í nílò ínsúlínì mọ́ fún oṣù tàbí ọdún gbọọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè padà wá. Oògùn tí wọ́n ń gbé mì náà ti jáde: ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bexagliflozin, fún ológbò tí kò tíì gba ínsúlínì rí. Mo rọra sọ ọ̀rọ̀ fífi ínsúlínì sílẹ̀ yìí fún Màámi, kó má lọ dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí tirẹ̀ sàn."

Aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́. Nígbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago wọn àti tiwa máa ń dọ́gba, ìyá àti ológbò á sì jọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Màámi ló máa ń pè. Kí àbúrò mi tó kúnlẹ̀ kí wọn tán, wọ́n á ti bi í pé, "Ṣé ó ti jẹun?"