Bí Fóònù Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà

Púpọ̀ nínú wa ló ń fi fóònù tajà: a ń pe oníbàárà l'Ékòó, a ń pe Kútọnu, a ń pe ọmọ lókè òkun. Ó yẹ ká mọ bí ìpè ṣe ń rí ọ̀nà lọ, nítorí owó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù wé e. Bí wọ́n bá kọ "Kwara, Ọ̀mù-Àrán" sára ẹrù, dẹ́rẹ́bà kò níí máa wá ẹni tó ni ín kiri Èkó. Kwara ni yóò kọ́kọ́ wò. Bó bá gba Ìlọrin dé Ajáṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ti Ọ̀mù-Àrán ti yà, á wo orúkọ ìlú. Ó di Ọ̀mù-Àrán kó tó béèrè agbo-ilé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà. Láti iwájú ni ẹ̀rọ ti ń kà á. 234 ni Nàìjíríà, 229 ni Bẹ̀nẹ̀, 228 ni Tógò, 44 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ti rí 234, á wo èyí tó tẹ̀ lé e. Láyé NITEL, ìlú ni wọ́n fi ń pín in: 031 ni Ìlọrin, 01 ni Èkó. Nígbà tí GSM dé ní 2001, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n wá fi ń pín in: 0803 ti MTN, 0805 ti Glo.

Òfin kan wà níbẹ̀: bí orí nọ́ńbà méjì bá bára mu, èyí tó gùn jù ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. 1 ni Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n 1876 ni Jàmáíkà. Ìpè tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1876, Jàmáíkà ló ń lọ. Ó dà bí ká sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "Já ẹrù Kwara sí Ìlọrin, àmọ́ gbé ti Ọ̀mù-Àrán dé Ọ̀mù-Àrán."

Ibí yìí ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń rí wa mú. Wọ́n á pè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e. Ẹ rí +1, ẹ ní, "Ọmọ mi ní Amẹ́ríkà ni," ẹ pè padà. Ibòmíràn tó wọ́n ni ìpè gbà, káàdì yín sì tán. Bí ẹ kò bá mọ nọ́ńbà tó ti òkèèrè wá, ẹ má pè é padà.

Òdo iwájú 0803, inú Nàìjíríà nìkan ló wúlò. Bí ẹ bá ń fún oníbàárà Kútọnu ní nọ́ńbà yín, ẹ yọ òdo náà, kí ẹ fi +234 síwájú mẹ́wàá tó kù. Láti òpin oṣù kọkànlá 2024, Bẹ̀nẹ̀ náà ti fi 01 kún iwájú nọ́ńbà wọn. Ẹ tún ti inú ìwé yín ṣe: +229 01, kó tó kan ti àtijọ́.

Ẹ má sì fi orí nọ́ńbà búra. Láti 2013 ni NCC ti gbà kéèyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. 0803 ẹlòmíràn lè ti wà lọ́dọ̀ Glo. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé orúkọ wò kó tó mọ ibi tí yóò gbé ìpè lọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù.